Ẹ̀gà Jókòó Lórí Jagunmólú

Ẹ̀gà àkọ́kọ́ bà lé èjìká ọ̀tún Jagunmólú, ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀, ó sì yàgbẹ́ sí i lójú.

Ìbídùnní rò pé ojú òun ni kò tíì là. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí lẹ́yìn àpáta ni, ìrì ṣì wà lára ewé ọkà bàbà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún wò. Ẹ̀gà kejì ti bà lé èjìká òsì. Ẹ̀kẹta bà lé àtàrí. Jagunmólú, ẹ̀rọ aṣọ́ko tó ga tó ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká, tí ẹyẹ kankan kò sún mọ́ láti ọdún mẹ́rin, ju apá páànù rẹ̀ méjèèjì sókè. Ó bú ramúramù. Ó tan iná ojú rẹ̀ yòò. Ó yí orí po lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ẹ̀gà náà ń bá a yí po, wọ́n dúró gbọn-in bí ọmọ ọba tó gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún.

Ìgbà náà ni ìyókù wọn dé. Bí wọ́n ṣe wọlé, bí ìgbà tí ẹnìkan tú àpò àgbàdo dà sílẹ̀ láti ojú ọ̀run ni, àgbàdo tó ní ìyẹ́, tó ń pariwo, tí ebi sì ń pa.

"Lé wọn!" Ìbídùnní kígbe. "Jagunmólú, lé wọn! Àbí o ti kú lórí ìdúró ni?"

Jagunmólú kò kú. Gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń ṣe, ó sì ń ṣe é bó ṣe tọ́. Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ẹyẹ náà mọ gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí apá páànù tó dé òkè, wọ́n á ti gbéra. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, wọ́n á ti padà bà. Ó dà bí ìjà ọkùnrin kan pẹ̀lú aya tó ti fẹ́ fún ogójì ọdún, tó jẹ́ pé obìnrin náà ti mọ èébú tó kàn kí ọkọ tó la ẹnu.

Ìbídùnní kó òkúta, ó ń jù ú. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí àwọn ẹ̀gà yó, wọ́n lọ fúnra wọn, kò sẹ́ni tó lé wọn. Ó fa ṣírí ọkà kan mọ́ra, ó wò ó. Èèpo lásán ló kù sí ìdajì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí wọ́n kórè, ẹ̀gà a sì máa wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹta kò ní í bá kóró ọkà kan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú ara rẹ̀ tutù. Ohun tó mú ara rẹ̀ tutù ni igbe tó ń ti oko kejì wá. Igbe Jagunmólú gan-an ni: ramúramù kan náà, pẹ̀lú ìsinmi kékeré kan náà láàárín. Láti ìsàlẹ̀ odò, òmíràn tún dún. Lẹ́yìn àpáta, òmíràn. Ó ń fi ìka kà wọ́n. Nígbà tó kà á dé mọ́kànlá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìrì.

"Ìyá Kóró! Ìyá Kóró o!"

Ọ̀jẹ́tọ́lá ni, tí oko rẹ̀ àti ti Ìbídùnní jọ pààlà. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì ti bọ́ sínú ebè níbi tó ti ń sáré bọ̀.

"Ẹyẹ ti sọ ẹ̀rọ mi di àga! Méjì wà lórí rẹ̀ báyìí tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, a ó lọ jẹun ìgbéyàwó níbẹ̀."

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Kí n rọra kẹ̀? Kóró tí o fún mi ti bàjẹ́!"

"Kò bàjẹ́. Bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹyẹ ló ti kọ́ ọ tán."

Kóró ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú orí ẹ̀rọ. Kò tóbi ju kóró ọsàn lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ náà, bí yóò ṣe rìn, bí yóò ṣe wò, bí yóò ṣe ké, inú rẹ̀ ló wà. Ìbídùnní, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kóró, ni agbìn-ọgbọ́n ìlú Abà Tútù. Òrùka bàbà tó wà ní ìka rẹ̀ nìkan ló lè ṣí kóró, òun nìkan ló sì lè wò ó pé èyí tí ẹ̀rọ ṣe lánàá tó dára, kí ó máa ṣe é lọ, èyí tí kò dára, kí ó gbàgbé rẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń yan èyí tó gbó dáadáa nínú àgbàdo fún ìgbìn ọdún tó ń bọ̀ ló ṣe ń yan ọgbọ́n.

Ọ̀jẹ́tọ́lá yíjú sí ìsàlẹ̀ odò. Òun náà ti ń gbọ́ àwọn igbe tó kù.

"Ìyá Kóró, o ní èmi nìkan lo fún. O ní kí n má sọ fún ìyàwó mi pàápàá."

"Ìwọ nìkan kọ́ lo kúnlẹ̀."

"Háà. Ta tún ni? Ìyá Alápáta?"

"Òun náà."

"Wòlíì ńkọ́?"

"Òun ló kọ́kọ́ dé."

"Wòlíì! Wòlíì tó wàásù lórí pípa òfin mọ́ lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá! Ó tilẹ̀ sunkún!"

Àṣà kan wà ní Abà Tútù tó ti wà kí ẹ̀rọ tó dé. Bí irúgbìn ẹnìkan bá ṣe dáadáa, tí aládùúgbò sì wá bá a kí oòrùn tó yọ, láìdé fìlà, láìwé gèlè, tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú igbá òfìfo lọ́wọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, kò gbọdọ̀ fi dù ú. Ẹni tó bá fi irúgbìn du ẹni tó kúnlẹ̀, ilẹ̀ á fi èso du òun náà. Àwọn àgbà mìíràn ní bí iṣu ẹni bá ta, ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ bò ó jẹ. Ìbídùnní kò ní ọwọ́ tó ń bo nǹkan. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹni mọ́kànlá ti kúnlẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, oníkálùkù rò pé òun nìkan ni, ó sì fún gbogbo wọn ní ọgbọ́n Jagunmólú. Bí ọ̀rọ̀ irúgbìn bá ti dé, ahọ́n rẹ̀ kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà, òfin tí ọmọ ọlọ́dún márùn-ún ń fi ṣeré òṣùpá: oko méjì tó bá lè gbọ́ ohùn ara wọn kò gbọdọ̀ ní ọgbọ́n kan náà. Lọ́dún Ìyàn Ẹ̀gà, nígbà tí Ìbídùnní wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, irú kóró kan ṣoṣo ni wọ́n gbé láti ìlú ńlá wá fún gbogbo oko, nítorí pé òun ló dára jù. Ó dára jù lóòótọ́, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ẹyẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó rí gbòǹgbò igi jẹ lọ́dún náà, olówó ni.

"Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà," Ọ̀jẹ́tọ́lá sọ, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Tiwa ń bọ̀ wá jẹ́ ìrìnpọ̀. Kí la ó sọ fún Fadérera?"

Fadérera ni Olùṣọ́ Òfin Oko. Ìbídùnní dẹ etí sílẹ̀. Ohun mìíràn ló ń gbọ́, tàbí ká ní ohun tí kò gbọ́ ló ń gbọ́. Nínú gbogbo àfonífojì náà, ẹ̀rọ kan wà tí kò ké.

"Ọ̀jẹ́, ṣé o gbọ́ igbe kankan láti oko Bàbá Àkàngbé?"

"Ọ̀lẹ? Ìgbà wo ni Ọ̀lẹ ń ké? Ẹ̀rọ tó ń sùn lójú mọmọ!"

Ìbídùnní ti dìde. Ó ti ń sáré.

*

Bàbá Àkàngbé ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tuntun lábẹ́ igi ẹmi nígbà tí Ìbídùnní já sí i, tó ń mí hẹlẹ. Ọkà bàbà bàbá náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ṣírí rẹ̀ wúwo, ó pupa, kò sí èyí tí ẹnu ẹyẹ kàn.

"Ẹ káàárọ̀ bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Òo, ọmọ mi. Ta ló ń lé ọ? Bí ọkọ bá ni, sá lọ sẹ́yìn igi. Bí gbèsè bá ni, èmi náà á bá ọ sá."

"Bàbá, ẹ̀gà ò wá sọ́dọ̀ yín láàárọ̀ yìí?"

"Wọ́n wá. Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lọ."

"Kí ni wọ́n jẹ?"

Bàbá fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ oko, níbi tí koríko eèsún àti ẹ̀ẹ̀ran ti kún bò, tí ẹnikẹ́ni kò ro. Ní etí ibẹ̀ ni Ọ̀lẹ wà, ẹ̀rọ kúkúrú kan tó ti dógùn-ún, tí ojú rẹ̀ kan kò tàn mọ́. Ẹ̀gà bíi ogún tí kò tíì yó ṣì wà nínú koríko náà. Bí Ìbídùnní ṣe ń wò, ọ̀kan gbéra, ó dorí kọ ọkà. Ọ̀lẹ kò ju apá. Ó fi ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kan ha ilẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣe, pẹ̀lú ohùn kékeré kan: *kò-kò-kò, kò-kò-kò.*

Ẹyẹ náà ṣẹ́rí padà. Ó bà sílẹ̀ níbi tí Ọ̀lẹ ha, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èso koríko jẹ.

Ìbídùnní fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá! Ohùn adìyẹ nìyẹn!"

"Àgbébọ̀ adìyẹ tó ń pe ọmọ wá jẹun. Bàbá bàbá kóró yẹn, ilé adìyẹ ló ti ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ arákùnrin ìyá mi, ní Ṣakí. Òun ló ń kó adìyẹ wá sídìí oúnjẹ. Nígbà tí àrùn pa adìyẹ tán, wọ́n gbé e wá sóko, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ aṣọ́ko. Ohùn adìyẹ kò kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo agbìn tó ti wọ òrùka yẹn rí ló wí fún mi pé, Àkàngbé, gé e dànù, kò wúlò."

"Èmi náà wí bẹ́ẹ̀," Ìbídùnní sọ pẹ̀lú ìtìjú.

"Ìwọ lo wí i jù. Mo ní, kí ni ọkùnrin ń fi ọmú ṣe? Ṣé a gé e? Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kò béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ó fẹ́ eruku igi kúrò lára ẹ̀rúkọ́. "Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀lẹ ṣèèṣì ké e lọ́jọ́ kan, ẹyẹ méjì yà síbi koríko. Ó rí i pé ó dára. Ó tún ké e lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ."

Ìbídùnní tún wo Ọ̀lẹ. Ohun tó ti gé kúrò nínú kóró ogún, ọgbọ̀n, láti ọdún pípẹ́ wá, kí ọgbọ́n wọn lè mọ́ tónítóní, àwọn ohùn àtijọ́, àwọn ìrìn tí kò nídìí, gbogbo rẹ̀ ń padà bọ̀ wá sí i lọ́kàn.

"Bàbá, ta ló kọ́ àwọn ẹ̀gà? Ìyẹn ni kò yé mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń yan ohun tó dára jù fún Jagunmólú. Ẹ̀gà ò ní agbìn."

"Wọ́n ní."

"Ta ni?"

"Ikú ni. Ẹ̀gà tó bẹ̀rù igbe Jagunmólú jù, ebi pa á, kò yé ẹyin. Èyí tó gbójú díẹ̀ rí nǹkan jẹ, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ sì gbójú jù ú lọ. Ikú kò mọ èyí tó dára jù, kò tilẹ̀ bìkítà. Ó kàn ń mú, ó ń fi sílẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ, o ní ojú, o ń yan. Ohun tí ojú rẹ rí pé ó dára lónìí nìkan lo fi sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míràn ni. Bí ọdún bá yí, tí ọgbọ́n kò bá yí, ta ni yóò kú?"

Ìbídùnní kúnlẹ̀. "Ẹ fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀, bàbá."

Ẹ̀rúkọ́ dúró lọ́wọ́ bàbá náà. "Kí o fi ṣe kí ni? Kí o pín in fún gbogbo ìlú bí o ti pín ti àkọ́kọ́?" Ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. "Etí mi ò tíì di, ọmọ mi. Mo gbọ́ igbe méjìlá láàárọ̀ yìí, ohùn kan ṣoṣo."

"Mo fẹ́ pò ó ni. Kí n fi ti Ọ̀lẹ àti ti Jagunmólú pọ̀, àti àwọn àtijọ́ tó wà nínú àpótí mi tí mi ò jù nù. Méjìlá, kí ìkankan má jọ ìkejì."

"Kóró méjì péré ni òrùka rẹ lè ṣí láàárín oṣù kan. Ọwọ́ Fadérera ni ìyókù wà."

"Mo mọ̀."

"Bí o bá sì dé ọ̀dọ̀ Fadérera, o ní láti sọ ohun tó wà nínú oko méjèèjìlá. Òrùka yẹn á bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kò ní í padà síbẹ̀ mọ́ láéláé."

Ìbídùnní wo òrùka náà. Láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà ní ìka rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn ní ayé bí ìgbà tó bá ṣí kóró kan lórí ẹní, tó ń wo bí ọgbọ́n ṣe ń rìn nínú rẹ̀, bí oyún tó ń mira. Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀; wọ́n á ní ẹyẹ ló pọ̀ lọ́dún yìí. Ọ̀jẹ́tọ́lá kò jẹ́ sọ̀rọ̀, Wòlíì kò jẹ́ sọ̀rọ̀. Ìlú á jẹ gbòǹgbò, òrùka á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀dà yẹn," ó sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, kí oòrùn tó kan àtàrí."

*

Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni Fadérera. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú ilé òfin, ó ń kọ orúkọ sórí wàláà bí Ìbídùnní ṣe ń kà á.

"Wòlíì. Ọ̀jẹ́tọ́lá. Ìyá Alápáta..." Ìbídùnní ka mẹ́wàá, ó dúró.

"Mọ́kànlá lo ní."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Olùṣọ́."

"Ta ni ìkọkànlá?"

"Bàbá ilé yín ni, mà."

Ọwọ́ Fadérera dúró lórí wàláà. Ewúrẹ́ kan kọjá lójú títì. Ó wò ó títí ó fi lọ tán.

"Ọkọ mi. Ó kúnlẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbàgbé igbá sílé."

"Ìyẹn á jẹ́ òun lóòótọ́." Ó kọ orúkọ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. "Òfin ò mọ ọkọ. Kò mọ ọ̀rẹ́ náà. Ìbídùnní, o mọ ohun tí mo máa ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín ṣí òrùka yìí fún kóró méjìlá. Nígbà tí ẹ̀gà bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán tí wọ́n lọ, ẹ gbà á."

Fadérera wo ojú ọ̀run. Ó ń wá ibi tí òfin ti fàyè gba irú èyí, kò rí i. Ó ń wá ibi tó ti kọ̀ ọ́, kò rí ìyẹn náà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òrùka. Òrùka náà gbóná díẹ̀, ó sì dún *kín*.

"Mo ń bá ọ lọ," ó sọ. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Ẹ ò bá rí ọ̀sán ọjọ́ náà! Ìbídùnní tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú àpótí rẹ̀ dà sílẹ̀, ó ṣí kóró lé kóró. Ọgbọ́n inú wọn gòkè bí òwú iná, pupa, àwọ̀ ewé, funfun, wọ́n ń yọ wínníwínní lórí ẹní, ó sì ń fi ìka rẹ̀ já èyí, ó ń so tọ̀hún. Ohùn Ọ̀lẹ, ó fi mọ́ ẹsẹ̀ Jagunmólú. Ìjókòó jẹ́ẹ́ ẹ̀rọ kan tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó fi mọ́ iná ojú. Ọ̀kan á pe ẹyẹ, á sì bú mọ́ wọn lójijì. Ọ̀kan á máa rìn kiri, kò ní í dúró lójú kan. Ní ibi kan, ó pa ojú dé, ó fa òwú tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Ó ń rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé ọjọ́ ìkẹyìn òun nìyí, àbí nítorí pé ó rántí ni kò ṣe lè dákẹ́ ẹ̀rín.

"Mélòó ni yóò ṣiṣẹ́ nínú wọn?" Fadérera béèrè láti orí àpótí tó jókòó lé.

"N kò mọ̀."

"O ò mọ̀?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mà, ẹ̀gà náà á mọ̀ ọ́n."

*

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, àwọn olóko mọ́kànlá náà ti péjọ sí orí pààlà. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ tààrà, pàápàá ọkọ Fadérera, tó dúró sẹ́yìn Wòlíì bíi pé Wòlíì jẹ́ ògiri. Ìbídùnní kó kóró méjìlá náà sínú igbá, ó fi ewé bò ó.

"Ẹ máa wá mú un níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má wò ó."

"Dúró ná," Ọ̀jẹ́tọ́lá sọ. "Èwo ló sún mọ́ ti Bàbá Àkàngbé jù níbẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ti Bàbá ṣiṣẹ́, gbogbo wa rí i. Kí ló dé tí o kò fún gbogbo wa ní ti Bàbá gan-an, ká lọ sùn? Èyí tí o pò yìí, ó lè jẹ́ pé tèmi ló máa bàjẹ́. Mo ní ọmọ mẹ́fà, Ìyá Kóró."

Ariwo sọ. Òótọ́ ló sọ, gbogbo wọn ló ti ń rò ó. Ọ̀jẹ́tọ́lá bọ́ fìlà. Ó gbé igbá òfìfo kan láti ilẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Ìbídùnní lójú gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ni ìkúnlẹ̀.

Ìbídùnní wo igbá òfìfo náà. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ̀ fún irú igbá bẹ́ẹ̀. Ó wo orí Ọ̀jẹ́tọ́lá, ibi tí irun ti ń tán láàárín.

"Rárá," ó sọ.

Ẹnìkan kígbe, "Yéè!"

"Rárá, Ọ̀jẹ́. Dìde. Bí mo bá fún gbogbo yín ní ti Bàbá, a ó sùn fún ọdún mẹ́rin, ní ọdún karùn-ún ẹ̀gà á tún bà lé wa lórí. Ọlọ́run kò dá ìka dọ́gba, a sì ń fi gbogbo rẹ̀ jẹun. Ẹ má pín kóró mọ́. Ọkà ni kí ẹ pín. Oko tó bá dúró lónìí, kí ó bọ́ oko tó bá ṣubú. Kí ẹ búra ẹ̀ báyìí kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ igbá yìí, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ èyí tó máa jẹ́ tirẹ̀."

Ìyá Alápáta ló kọ́kọ́ gbọ́n. Ó la àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀. "Mo búra. Ta ló mọ̀ bóyá èmi ni n ó ṣubú."

Wọ́n búra níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀jẹ́tọ́lá ló kẹ́yìn. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún, ó ti ọwọ́ bọ igbá, ó mú tirẹ̀. "Bí tèmi bá bàjẹ́," ó sọ, "ilé rẹ ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń bọ̀, pẹ̀lú ìyá wọn, pẹ̀lú ìyá ìyá wọn tí kì í yó." Ẹ̀rín bú jáde.

Oníkálùkù sáré lọ fi tirẹ̀ sí orí ẹ̀rọ, kóró kan ló kù sísàlẹ̀ igbá. Ìbídùnní fi sí orí Jagunmólú, ó tì í pa, ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí ojú ọ̀run ṣe ń dún.

Wọ́n dé.

Ní oko Ọ̀jẹ́tọ́lá, ẹ̀rọ jókòó mọ́lẹ̀ bí ẹni tí inú ń run, kò mira rárá. Nígbà tí ẹ̀gà àkọ́kọ́ fẹnu kan ọkà, ó fò dìde gìrì, ẹyẹ àti olóko jọ figbe ta. Ní ti Ìyá Alápáta, ẹ̀rọ ń rìn kiri, ó ń ké kò-kò-kò, ẹyẹ tò tẹ̀lé e lẹ́yìn lọ sínú igbó bí ọmọ iléèwé. Ní ti ọkọ Fadérera, ẹ̀rọ náà kọ ẹ̀yìn sí ẹyẹ, ó ń bú mọ́ àpáta, àpáta ń dá a lóhùn, àwọn ẹ̀gà kò sì mọ èyí tó yẹ kí àwọn sá fún. Ní orí pààlà, àwọn ènìyàn ń fò, wọ́n ń tọ́ka, "Ẹ wo tèmi! Ẹ wo tèmi bó ṣe ń ṣe!"

Jagunmólú ńkọ́? Jagunmólú sọ̀kalẹ̀ wọ àárín ọkà. Ó fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ó sì fi ohùn tó dùn ju ti Ọ̀lẹ lọ pe gbogbo ẹyẹ ìlú wá sórí oko Ìbídùnní.

"Ìyá Kóró!" Ọ̀jẹ́tọ́lá ń yí nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó ń pè wọ́n síbi oúnjẹ! Ó tún fẹ́ bu omi fún wọn!"

Ìbídùnní náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sáré láàárín ọkà, ó ń ju aṣọ sókè, ó ń pariwo. Òfo ni. Nígbà tí àwọn ẹ̀gà yó tán, oko tirẹ̀ àti ti Wòlíì ló ṣófo. Méjì mìíràn fara gbọgbẹ́ díẹ̀. Mẹ́jọ dúró ṣinṣin, mẹ́jọ lórí ọ̀nà mẹ́jọ.

Fadérera ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́. Ìbídùnní bọ́ òrùka. Kò tètè bọ́. Ó fi itọ́ sí i, ó yí i, ó gbé e lé ọwọ́ obìnrin náà. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ní ìka rẹ̀ funfun bí inú iṣu.

"O ṣeun," Fadérera sọ jẹ́ẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òfin ní kó sọ.

Ìbídùnní kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti ń wo oko Ọ̀jẹ́tọ́lá. Gbogbo ẹ̀gà ti lọ, àfi ọ̀kan. Ó wà lórí ẹ̀ka tó jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀rọ tó jókòó mọ́lẹ̀ náà. Kò jẹun. Kò sá. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ẹ̀rọ náà. Ó fò sún mọ́ ọn díẹ̀, ó dúró, ó tún wò ó.

Ọ̀jẹ́tọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú òkúta.

"Má lé e!" Ìbídùnní dì í lọ́wọ́ mú. Ó fa ọkùnrin náà jókòó sínú èèpo ọkà tó kù lẹ́yìn àwọn ẹyẹ. "Jọ̀ọ́, Ọ̀jẹ́, má tíì lé e. Jẹ́ ká rí ohun tó fẹ́ ṣe."